Òtútù Ń Mú Àwa Tí A Kì Í Mutí Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé òde àríyá ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín. Kò sí ohun tí ẹ kì í bá wa dé níbẹ̀: aṣọ ẹbí, gèlè, olórin tó kọrin, ẹni tó náwó, títí dórí ẹran tó wà lórí ìrẹsì. Ohun tí ẹ kì í kọ ni ohun tí àwa tí a kì í fẹnu kan ọtí ń mu lóde. Ìdí rèé tí mo fi gbé bírò.

Peckham ni mò ń gbé, ní gúúsù London. Bí ẹbí tàbí ará ìjọ bá ń ṣe ìnáwó, ìdí tábìlì ohun mímu ni wọ́n máa ń fi mí sí, wọ́n ní ẹni tí kì í mu ún kò ní jí i gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òde oṣù Kejìlá ṣe ń rí níbí fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ̀. Gbọ̀ngán tí wọ́n háyà kì í tètè móoru, nítorí náà àwọn àgbà á jókòó tàwọn ti kóòtù lórí léèsì olówó gọbọi, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí léèsì ọ̀hún. Àwọn tó ń mutí ti rí tiwọn. Bíráńdì wà nílẹ̀, wáìnì gbígbóná tí wọ́n fi kànáfùrù sè bíi ti òyìnbó náà wà. Tiwa ńkọ́? Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó sùn mọ́jú nínú búùtù mọ́tò ni, wọ́n á sì tún bu omi dídì sí i!

Àwa tí mò ń wí yìí kò kéré. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, aláṣọ funfun wà níbẹ̀, aláboyún wà níbẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn náà ń bẹ, àti ẹni tí yóò wakọ̀ gbé gbogbo ẹbí délé. Ẹni ìkẹyìn yìí ló máa ń ṣe mí láàánú jù. Òun ni gbogbo ilé gbẹ́kẹ̀ lé, òun náà ni wọ́n ń rọ júùsì fún nínú ife ọ̀rá àwọn ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí à bá sè wà nítòsí. Ẹ dé Rye Lane níbí, tàbí ọjà Ridley Road ní Dalston, ẹ ó rí ìṣápá pupa gbígbẹ tí a fi ń ṣe sóbò. Àwọn ará Jàmáíkà tí a jọ ń gbé àdúgbò ń pè é ní sorrel, òun ni wọ́n fi ń ṣe Kérésì, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù. Tútù ni wọ́n sábà máa ń mu ún, àwọn mìíràn a sì da ọtí rọ́ọ̀mù lé e. Èmi kì í da nǹkan kan lé e, n kì í sì í jẹ́ kó tutù.

Ife ìṣápá 2 ni mo ń fi sí omi líta 2. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣàn án kí iyanrìn lè kúrò, torí ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ bí ẹ̀fọ́, inú omi ìdọ̀tí ni yóò da àwọ̀ rẹ̀ nù sí. Atalẹ̀ tútù tó gùn tó ìka méjì ni mo ń gún sí i, pẹ̀lú kànáfùrù 6. Kó má ju 8 lọ o, kànáfùrù tó bá ti pọ̀jù ń mú ahọ́n kú. Lẹ́yìn náà, èèpo tanjarín, torí oṣù Kejìlá gan-an ni tanjarín ń kún ìsọ̀ níbí. Ẹ fi ọ̀bẹ ha funfun inú èèpo náà kúrò, òun ló ń korò. Kó hó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ pa iná, kí ẹ dé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Nílé, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ni a máa ń sè mọ́ ọn. Níbí, ápù ni mo ń gé sí i, torí ápù ni àsìkò ní. Ó wá ku ṣúgà, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. N kì í fi ṣúgà sínú ìkòkò rárá. Oyin ni mo ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò pẹ̀lú ṣíbí, kí kálukú bu ìwọ̀n tó fẹ́, torí ìtọ̀ ṣúgà pọ̀ láàárín wa ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Èkejì kò gba wàhálà. Ẹ ra omi ápù tí kò mọ́ gaara, èyí tí wọ́n fún láì sẹ́ ẹ dán, líta kan, kí ẹ gbé e ka iná kékeré pẹ̀lú igi sínámọ́nì kan àti ẹ̀ẹ̀rù kan tí ẹ ṣẹ́ sí méjì. Bó bá ti ń rú ooru, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó hó. Bó bá hó, òórùn ápù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i nígbẹ̀yìn. Nígbà mìíràn mo máa ń lọ ataare hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, ó ń ta lọ́nà ọ̀fun gẹ́gẹ́ bí àwọn onímutí ṣe ń fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ tí a bí síbí máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá yọ ataare, wọ́n á ní ọmọ ta ni a fẹ́ sọ lórúkọ. Wọn ò mọ̀ pé ṣáájú ọdún 1500 ni àwọn òyìnbó ti ń fi ataare tó ti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá sínú wáìnì olóòórùn tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí Chapman, torí òun ló ń bí mi nínú. Mo ti rí i tí wọ́n gbé e fún Alfa pé kò sí ọtí nínú rẹ̀. Fanta wà nínú rẹ̀, Sprite wà, omi ṣúgà pupa wà, ọsàn àti kùkúḿbà gígé wà. Ìgò kékeré ohun kíkorò tí a ń pè ní Angostura ńkọ́? Ẹ yí i padà kí ẹ ka ara rẹ̀: ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú rẹ̀, ó le ju bíráńdì lọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀kán díẹ̀ ni a ń kán sínú ife, kò lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ọtí nítorí Ọlọ́run rẹ̀ kò bẹ̀ wá pé kí a bá òun ka ẹ̀kán. Ẹ sọ fún un, kó fúnra rẹ̀ yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíà àti wáìnì tí wọ́n kọ "alcohol free" sí lára. Ìlànà ìjọba níbí ní kí ọtí inú irú rẹ̀ má ju ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àmọ́ àwọn kan tó ń ti òkè òkun wọlé ń ní tó ìdá 0.5.

Ẹni tí kò bá lè mu Chapman tí kò korò, èyí ni mo ń ṣe fún un. Ní oṣù Kìíní, ọsàn kíkorò tí wọ́n ń pè ní Seville máa ń ti Spain wọ ọjà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òun ni òyìnbó fi ń ṣe mámáléèdì. Mo ń bó èèpo rẹ̀, màá sè é pẹ̀lú kànáfùrù méjì àti tíì dúdú tó le dáadáa, títí omi rẹ̀ á fi ṣẹ́kù díẹ̀. Mo ń kó o sínú fírísà de oṣù Kejìlá. Ṣíbí kan ti tó ife Chapman kan, dípò Angostura. Tíì yẹn ló ń jẹ́ kó di ahọ́n mú, kó má baà dà bí omi ṣúgà lásán.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹbí wa tó ní bí n óò bá kọ̀wé yìí, kí n má yọ ti oògùn sílẹ̀. Ọsàn gíréèpù (grapefruit) tí wọ́n ń fún sí ohun mímu òde ń bá oògùn mìíràn jà, bíi simvastatin tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò nítorí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀; ọsàn Seville náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣápá máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ti ń lo oògùn rẹ̀ má máa mu ún ní àmuṣáà, wọ́n sì ń gba aláboyún níyànjú pé kó yẹra fún un. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi máa ń jẹ́ méjì lọ́dọ̀ mi, ti ìṣápá àti ti ápù.

Kò sí iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ òde. Ilé ni mo ti ń sè é, inú fúláàsì ńlá ló ń bá mi dé gbọ̀ngán. Ife gíláàsì tó ní etí, tó nípọn, ni kí ẹ lò, kí ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣàn án kó má baà sán, kí ẹ ki ọsàn gígé pẹlẹbẹ bọ ẹnu rẹ̀. Àgbà tó ń mu ápù gbígbóná yẹ lẹ́ni tí a ń fi ife gidi gbé e fún, lórí tíréè, kó tó kan àwọn onígò. Níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún kan lẹ́yìn Kérésì, àwọn onígò gan-an ni wọ́n wá ń tò sídìí fúláàsì mi, n ò sì lè lé wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ wà ní Chicago, níbi tí òtútù ti ju tiwa lọ, kí ni ẹ ń sè? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Olóòtú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye omi àti iye èròjà síbẹ̀, ẹ má kọ "ìwọ̀nba".

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìdòwú,
Peckham, London.