Ẹ Tan Príńtà Náà Kí A Tó Sanwó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn tó ń ta príńtà fọ́tò tòkunbọ̀ sọ̀rọ̀, àti àwa tí à ń rà á.

Ìbarà níbí ni mo ti ń ya fọ́tò. Fọ́tò àtijọ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi báyìí: bàbá tó wọ agbádá jókòó lórí àga, ìyá tó gbé ọmọ lé itan, gbogbo rẹ̀ dúdú àti funfun. Bí ìsìnkú tàbí ìrántí bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ làwọn ọmọ máa ń kó o wá pé ká tẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Príńtà aláwọ̀ mẹ́rin tó kún ìlú kì í ṣe é ire. Búlúù, pupa àti yẹ́lò ló máa ń pò pọ̀ láti fi rí àwọ̀ eérú, ni agbádá bàbá bá di àwọ̀ ewé lójú fèrèsé, tó bá dalẹ́ tí wọ́n tanná, á tún máa pọ́n. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí irú ẹ̀ lára ògiri.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ayàwòrán ya príńtà kan sọ́tọ̀ fún dúdú nìkan. Tuntun ga ju owó wa lọ, àmọ́ tòkunbọ̀ tó ó ṣe. Epson R2400 tó jáde lọ́dún 2005 ń lo tàdáwà dúdú mẹ́ta pọ̀: èyí tó dú kirikiri, èyí tó fẹ́lẹ́, àti èyí tó tún fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń kó tàdáwà aláwọ̀ kúrò nínú príńtà wọn pátápátá, wọ́n á fi dúdú àti eérú rọ́pò rẹ̀, wọ́n á wá fi QuadTone RIP, sọ́fítíwíà tí Roy Harrington ṣe, darí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tàdáwà tí wọ́n fi èédú ṣe ni kẹ́ ẹ wá, oòrùn kì í tètè pa á. Èédú náà ló wà nínú tàdáwà àwọn atẹ̀wé ayé ìgbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta yìí lọ́dún 1859.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ náà fún wa. Láìpẹ́ yìí, ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n sanwó ná, pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó wọlé. Ìyẹn ò tó. Ìwé kan péré la nílò láti fi ṣe nozzle check, ìyẹn ni kí príńtà tẹ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ká lè mọ̀ bóyá gbogbo ihò tí tàdáwà ń gbà jáde ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìlà bá já, tẹ́ ẹ ní kó fọ orí rẹ̀, níbi tí àwọn ihò náà wà, lẹ́ẹ̀mejì, tí ojú ibẹ̀ náà ṣì ń já, ihò orí rẹ̀ ti dí nìyẹn, orí Epson kò sì ṣeé dédé yọ bí ti ọ̀pọ̀ Canon. Ẹ sọ irú tàdáwà tó ti lò fún wa, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ara ẹ̀wù ni wọ́n ti fi í ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá fóòmù tó ń gba tàdáwà ìdọ̀tí ti fẹ́ kún, nítorí bí òǹkà tí príńtà fi ń ka tàdáwà ìdọ̀tí náà bá pé, kò ní tẹ nǹkan kan mọ́.

Àwa tá a rà á náà, ẹ má jẹ́ kó jókòó lásán, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí iná bá lọ níbi tó ti ń tẹ fọ́tò, orí rẹ̀ kò ní lè padà sábẹ́ ìdérí, á sì gbẹ. Ẹ so ó mọ́ inverter. Bọ́tìnì ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi pa á, kì í ṣe ti ara ògiri.

Èmi ṣì ń wá ọ̀kan sí i. Olùtajà tó bá gbà kí n dán an wò lójú ara mi, owó rẹ̀ wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta.