Ilẹ̀ ààtàn kì í ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ a máa wá ilẹ̀ dúdú tí wọ́n máa dà sórí ebè. Èyí tí wọ́n ń rọ sínú àpò láti orí ààtàn ló ń kọ wá lóminú.

Ilẹ̀ ààtàn lọ́ràá lóòótọ́, tẹ̀tẹ̀ orí rẹ̀ a sì tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀. Ẹ ó rí ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, àfọ́kù gílóòbù, èèpo ọ̀dà àtijọ́, àti wáyà tí wọ́n ti sun kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé mọ́ínmọ́ín á jẹrà. Òjé àti kádímíọ̀mù, irin olóró tó máa ń wà nínú irú àwọn nǹkan wọ̀nyí, kì í jẹrà. Bí ìdọ̀tí yòókù ṣe ń rà tó ń dín kù, ṣe ni tiwọn ń ki sí i nínú ohun tó ṣẹ́kù.

Bátìrì ọkọ̀ ló burú jù. Òjé ló ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá là á láti kó òjé náà tà, ásíìdì á dà sílẹ̀, ẹ̀tù òjé á sì bá a wọlẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lórílẹ̀-èdè Senegal, irú iṣẹ́ yìí pa ọmọdé 18 láàárín ọdún 2007 sí 2008. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Èyí tí kò tó láti pani náà ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, láìsí àmì tí ìyá lè tètè rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra irin àlòkù, odidi ni kí ẹ máa gba bátìrì.

Òjé àti kádímíọ̀mù kò ṣe bákan náà lára ẹ̀fọ́. Òjé kì í sábà gba gbòǹgbò gòkè. Erùpẹ̀ tí òjò ta sára ewé ló ń gbé e dénú ìkòkò. Tí a bá gé gbòǹgbò dànù, tí a sì fi omi púpọ̀ fọ ewé lẹ́ẹ̀mẹta, á dín kù. Ti kádímíọ̀mù ni fífọ̀ kò ràn. Gbòǹgbò ló ń fà á wọnú ewé, pàápàá nínú ilẹ̀ tó bá kan, kíndìnrín ẹni tó jẹ ẹ́ ló sì ń kó sí fún ọdún gbọọrọ. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ń fà á ju àgbàdo lọ.

Dípò ilẹ̀ ààtàn, ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ lágbègbè wa. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Tútù rẹ̀ á jó ẹ̀fọ́.

Ó ku omi. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Omi tó ń ṣẹ́ láti ìdí ààtàn lè gba ojú ibi tí òkúta ti sán dé kànga tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ẹ má sọ pé ẹ ti sè é: omi á fà, òjé á kù síbẹ̀. Àwọn tó ń gbé nítòsí ààtàn ńlá bíi ti Saje, ẹ jẹ́ kí àwọn yàrá àyẹ̀wò yẹ omi kànga yín wò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà tí òjò bá pọ̀. Inú ìgò tí yàrá àyẹ̀wò ti fi ásíìdì ṣàn ni kí ẹ bu omi náà sí, kí wọ́n sì kán ásíìdì sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, èsì á sì parọ́.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kò gbọdọ̀ kọjá nínú lítà omi kan ni mílígíráàmù 0.01 fún òjé, àti 0.003 fún kádímíọ̀mù. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn kò rí òjé, ẹ bi wọ́n léèrè ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí. Ẹ̀rọ tí kò lè rí ohun tó kéré sí 0.05 kò tíì sọ nǹkan kan fún yín nípa 0.01.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ àti omi,
Abẹ́òkúta