Kì í ṣe gbogbo pápá ló yẹ ká gbin igi sí

Sí Olóòtú,

Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, ariwo "ẹ gbin igi" á tún gba Ìpínlẹ̀ Òǹdó kan. Ó dára. Àmọ́ ibi tí koríko nìkan wà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo, ó sì yẹ ká mọ pápá tí a ó dá sí kí wọ́n tó kó igi gmelina débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ pápá apá Àkókó, igbó ni tẹ́lẹ̀; oko àti iná ló sọ ọ́ di ọ̀dàn. Ti orí àpáta Ìdànrè yàtọ̀. Erùpẹ̀ ibẹ̀ kò tó ohun tí igi ńlá lè ta gbòǹgbò sí. Ewéko kan tó jọ koríko, Afrotrilepis pilosa, ló tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní: ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ ganrangan, tí òjò bá dé á tún tutù yọ̀yọ̀. Bí wọ́n bá ṣí i kúrò, àgbàrá á gbá erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó padà. Irú ibẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Kíka irú ewéko tó wà nínú pápá kò le. Ẹ fi igi mẹ́rin kan férémù tí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1. Ẹ ta okùn la pápá já, kí ẹ máa gbé férémù kalẹ̀ ní mítà 20-20, kí ẹ sì kọ gbogbo ewéko inú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí etí títì, èpò ibẹ̀ á kàn bu iye yín sí i lásán ni. Ewé Akíntọ́lá, èpò àjèjì ni, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ kà á níbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ẹ tún un kà nígbà tí koríko bá yọ òdòdó, torí láìsí òdòdó, ó ṣòro láti dá koríko ẹ̀rúwà mọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀rùn nìkan kò ní rí èyí tó ti wọlẹ̀ lọ sùn.

Yíyan pápá tí a ó dá sí ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Ká ní pápá kìíní ní irú ewéko 40. Èkejì ní 38, ṣùgbọ́n 35 nínú rẹ̀ wà ní tàkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ní 20 péré, 15 nínú rẹ̀ kò sì sí ní tàkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ mú tẹ̀lé e: ẹ ti dá 55 sí nìyẹn, dípò 43.

Ní ti iná, ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní igbó ọba Olókèméjì ní 1929 fi hàn pé ibi tí iná kò bá kàn á di igbó. Nítorí náà, pápá ọ̀dàn nílò iná, àmọ́ ti oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá, tí koríko ṣì ní omi lára, kì í ṣe ti oṣù Kẹta tó ń jó igi dé orí. Orí àpáta kò fẹ́ iná rárá.

Kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fọ́ òkúta, kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ ewéko orí rẹ̀ wá, ti ìgbà òjò.

Olùkà yín,
Àkúrẹ́