Sí Bàbá mi ní Ìsánlú, lórí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà

Bàbá mi,

Okún o. Ẹ bá mi kí Ìyá pé okún.

Ẹ bi mí níjọ́sí bóyá mo ṣì ń kàwé, àbí iṣẹ́ alẹ́ ti gba gbogbo ara mi. Mò ń kà á. Mo ra ìwé pélébé kan tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ ìwé, ibi tí mo kà á dé, àti ohun tí mo fẹ́ bi yín. Èyí tó bá sú mi, mo kọ ọ́ pé ó sú mi, mo sì dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni láíbìrì Toronto ń yáni ní ìwé, n kò ní fi ìyẹn jìyà.

Fágúnwà ni mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ka *Ògbójú Ọdẹ* ti 1938 tán, mo sì bọ́ sórí *Ìrìnkèrindò*, ti 1954. Ká sọ òtítọ́, ìwàásù pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe ẹni tó burẹ́wà, ẹ̀rín mi máa ń ta àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin jí. Ìtòsí Bídà ni omi ti gbé Fágúnwà lọ ní 1963. Ibẹ̀ ò kúkú jìnnà sí wa.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ìwé tí Elisha Renne, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí aṣọ àwọn ará Bùnú, ní ìhà Kàbà, ní 1995. Bùnú àwọn ìyá àgbà wa gan-an! Ó sọ nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú ìjòyè, tí eégún náà sì ń wọ̀. Obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó dúró ṣánṣán. Gbogbo òfì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá àgbà yẹn, igi lásán ni mo pè é. Orí rẹ̀ la ń sá aṣọ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyá àgbà: ṣé àwọn náà hun ìpò rí? Ta ló ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ẹ? Ṣé ẹnikẹ́ni ló lè hun ún? Kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un sọ sí èdè Yàgbà tiwa fún mi.

Mo ti ka ti Titcombe pẹ̀lú, ajíhìnrere tó kúrò ní Kánádà níbí, tó sì dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ìyẹn ò gba àkókò mi púpọ̀.

Láti oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ níbí. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ dojú kọ ìtàn tí Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé, àbúrò rẹ̀ tún un kọ, ó sì di 1921 kó tó jáde. Mo fẹ́ wo bó ṣe ka ìhà tiwa sí tó.

Tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n bá wá lo họlidé lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jọ ka *Ìrèké Oníbùdó* ti Fágúnwà. Kí kálukú ka ojú ìwé kan sókè, kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èmi náà á ka tèmi, ẹ̀yin á sì máa tún ohùn wa ṣe. Dátà wà lọ́rùn mi. Ẹ má nà wọ́n tí wọ́n bá ṣì í kà o, Bàbá, mo mọ̀ yín.

Ẹ wo àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá ẹ̀dà tiyín ṣì wà níbẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, ẹ tètè sọ, kí n wá ẹni tó máa rà á ní Ìlọrin kí wọ́n tó gba họlidé.

Ọmọ yín,
Bọ́láńlé