Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Alága Kánsù lórí ilẹ̀ kòtò tí wọ́n da kọnkéré sí

Alága wa,

Àwa tí à ń gbin òdòdó àti igi tà ní Ilé-Ifẹ̀ dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyá wa kúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá títì tuntun. Ẹ mọ̀ wá dáadáa, torí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí hòtẹ́ẹ̀lì gidi ní Ifẹ̀ tí òdòdó iwájú ẹ̀ ò ti ọwọ́ wa jáde.

Katapílà tó dé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ló gbé wa wá. Ilẹ̀ kòtò etí gọ́tà ńlá yẹn, tí à ń sanwó ẹ̀ lọ́dọọdún, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ là ń to ọ̀rá òdòdó sí, ibẹ̀ náà la gbin ìdò, pèrègún àti koríko sí kí omi títì máa yà síbẹ̀ kó rọra wọlẹ̀. Wọn ò sọ fún ẹnì kankan o, wọ́n kàn gbá gbogbo ẹ̀ dànù, wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n ní ìgbàlódé ni. Òjò ọjọ́ Ẹtì rọ̀, omi ò rí ilẹ̀ wọ̀, ó bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn, àwa náà ni wọ́n tún wá ń bi pé kí la ṣe sí omi!

Alága, kọnkéré kì í mu omi. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò wà nínú ẹ̀, tí a fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ ẹ̀, òun ló ń mu ún. Ọ̀gá ọ́fíìsì kan ní ẹ̀fọn là ń sìn. Ẹ̀fọn kẹ̀? Ẹyin ẹ̀fọn á lò tó ọ̀sẹ̀ kan nínú omi kó tó di èyí tó ń fò, omi kòtò wa kì í sì í pé ọjọ́ méjì kó tó gbẹ. Kí ọ̀gá wa lọ yọjú sí gọ́tà wọn tó kún fún ọ̀rá píọ́wọ́tà. A ò tíì gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980. Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ irú ilẹ̀ amomi yìí ní ìlú 16 ní 2015, Ifẹ̀ tó ti ń to àpáàdì sílẹ̀ ìgboro kí òyìnbó tó dé wá ní kọnkéré nìkan lòun mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fọ́ kọnkéré apá ìsàlẹ̀ yẹn, kí wọ́n dá ihò sí etí títì kí omi lè yà wọlé. Àwa á gbìn ín lọ́fẹ̀ẹ́, owó òkúta wẹ́wẹ́ nìkan la fẹ́. Iná títì ò tàn, àwọn agbowó-orí sì ń já ìwé fún wa lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ṣì lè dúró.

A ò lérí o. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ pé àwọn á kó òdòdó tó kù wá síwájú sẹkitéríàtì, àwọn onísọ́ọ̀bù tí omi wọ̀ ní àwọn á tẹ̀ lé wọn, àwa àgbà ló ṣì ń dá wọn dúró. Ẹ̀dà ìwé yìí ti wà lọ́nà ààfin. À ń retí ìpè yín kí òjò míì tó rọ̀.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyá Ẹgbẹ́