Ìdí tí a fi ń da omi sí balùwẹ̀ yín kí a tó lẹ táìlì

Ẹ̀yin oníbàárà wa n'Ífẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, a kí yín o.

Àwọn èèyàn máa ń bi wá ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lagere pé: "Owó táìlì lẹ gbà, kí lẹ wá ń pọn omi kún balùwẹ̀ fún?" A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n táìlì kọ́ ló ń dá omi dúró. Símẹ́ǹtì funfun tí a fi ń dí ojú ìpàdé táìlì máa ń fa omi, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọ abẹ́. Tí abẹ́ ọ̀hún bá tẹ́jú, omi ò rí ibi gbà, á dúró síbẹ̀. Òórùn á bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà ògiri yàrá kejì á máa bó. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onílé ìsàlẹ̀ ni yóò wá kanlẹ̀kùn yín.

Abẹ́ niṣẹ́ wà. Yanrìn àti símẹ́ǹtì la fi ń mú ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ láti ìdí ògiri dé ojú ihò omi: bí ó bá gùn ní mítà 1, kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 wálẹ̀. Bó bá gbẹ, a ó kun kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kómi wọlé lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á dábùú èkíní. Gbogbo igun àti ẹ̀bá ihò omi gba àwọ̀n pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sán. Ilẹ̀ nìkan kọ́ o. Kíkùn náà ń gun ògiri dé ibi tí omi ṣáwà ń ta dé.

Bí ìyẹn náà bá gbẹ la ó wá dí ihò omi, a ó da omi sí i, a ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri, a ó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ lè fà á díẹ̀. Tó bá ju díẹ̀ lọ, ó ń jò nìyẹn. Nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì la fi ń tún un ṣe. Lẹ́yìn táìlì, òòlù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra táìlì kí ẹ tó bá wa sọ̀rọ̀. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 × 60 dára ní pálọ̀, àmọ́ kò lè tẹ̀ lé ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kékeré, tí ojú rẹ̀ ò yọ̀, la máa ń lò.

Omi tí a ó dà, ọ̀dọ̀ yín ni. Tí kànga yín bá máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ tètè sọ, ká lè gbé dúrọ́ọ̀mù omi dání.