Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì, tí mo ra ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ láàárín àlòkù irin

Bàbá Ìbejì,

Mo kí yín, ẹ̀yin tí n kò rí rí. N kò mọ orúkọ àbísọ yín, n kò sì mọ ìlú yín. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ẹnì kan fi ọ̀dà funfun kọ “BÀBÁ ÌBEJÌ” sára ẹ̀rọ ìgégi kan, lókè ibi tí a ti ń rọ epo sí i, àti pé ẹ̀rọ náà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí ní Àbújá. Dei-Dei ni mo ti rà á, lẹ́yìn ọjà pákó, níbi tí àwọn agbégilódò ti máa ń já ẹrù tí wọ́n kó wá láti ìhà gúúsù. Mállàm tó ń ta àlòkù irin gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì fi kílò díye lé e, nítorí irin lásán ni ó kà á sí. N kò bá a jiyàn. Bí mo bá sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, owó náà ìbá ti di ìlọ́po mẹ́ta kí n tó pa ẹnu dé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí: kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ba ẹ̀rọ yìí jẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n yóò ti sọ fún yín, nítorí pé nídìí iṣẹ́ wa, bí irú ẹ́ńjìnnì yìí bá ti nọ́ọ̀kì, ohun tí mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ẹni tó ni ín ń ṣahun ọ́ìlì, pé bẹntiróòlù gbígbẹ, tí a kò po ọ́ìlì mọ́, ni ó ń rọ sí i. Èmi náà ti sọ ọ́ sí àwọn ènìyàn lójú nígbà tí n kò tíì tú ẹ̀rọ wọn wò. Bí mo bá rántí àwọn kan nínú wọn, ojú máa ń tì mí.

Stihl 070 ni ẹ̀rọ yín, ọmọ ìyá Contra, ẹ̀rọ ìgégi tí ilé iṣẹ́ Stihl gbé jáde ní 1959, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ṣéènì tààrà láìsí gíà láàárín. Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ni òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ti ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì pe orílẹ̀-èdè kankan bẹ́ẹ̀ mọ́ láti 1990. Fífẹ̀ sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 58 mm, písítìnnì rẹ̀ sì ń rin 40 mm lọ sókè sódò, èyí tí ó sọ ọ́ di 106 cc, ìyẹn ni pé ó tó ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kékeré. Èjìká yín mọ bí ó ṣe wúwo tó jù mí lọ. Àwọn àfarawé rẹ̀ kún ọjà báyìí, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn kan náà, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé méjèèjì sọ́wọ́, ojú kò ní ohun tí ó fẹ́ wò mọ́.

Mo rọ dísù àti ọ́ìlì gba ojú ihò púlọ́ọ̀gì, mo sì fi í sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta kí ó tó gbà láti yí. Nígbà tí mo tú sàléńsà, èéfín tó ti dì sínú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìkòkò tí a fi ń dáná igi, ó sì ṣì ń yọ̀ fún ọ́ìlì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura, nítorí sàléńsà ẹni tó ń ṣahun ọ́ìlì kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo wá wo písítìnnì. Ẹ̀gbẹ́ tí èéfín ń gbà jáde nìkan ni ó ha. Ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí epo ń gbà wọlé, ń dán, àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀ kedere. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí ọ́ìlì ló pa á, ó ṣeé ṣe kí ó ti ha yíká-yíká. Ooru ni ó pa á, irú ooru tí ó máa ń wá nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà mu bá pọ̀ ju epo rẹ̀ lọ.

Níbo wá ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wọlé? Mo gé túúbù táyà, mo fi í dí ẹnu ọ̀nà epo àti ẹnu ọ̀nà èéfín, mo fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì fún un pa, mo sì so páǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì. A kì í fún un ní afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìdajì bar, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ti tó, nítorí èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ti rọ́bà tí kò ṣẹ̀ jáde. Mo wá fi fọ́ọ̀mù ọṣẹ pa á lára, ibì kan sì ni ó ti ń hó: ẹ̀yìn fúláwíìlì, níbi tí ọ̀pá kíráǹkì ti yọ jáde. Ọ́ìlì-síìlì ibẹ̀, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà wọlé, ti le bí ìkarahun ìgbín. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, ẹ̀là rẹ̀ kan já bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì, mo lè sọ bí ọjọ́ tó kú ṣe rí. Ẹ fi ọwọ́ epo sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà kò sọ̀ kalẹ̀; ó ń ké lọ fúnra rẹ̀, òkè-òkè. Ẹ rò pé kabúrétọ̀ ni. Ẹ yí síkúrù rẹ̀, ó gbọ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún yí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú síkúrù méjèèjì ti jẹ tán, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu súkúrù-díráfà mọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà. Ẹ ń wá àrùn náà níbi tí gbogbo wa máa ń wá a, rọ́bà kékeré kan tí ojú kò lè rí, àfi bí a bá yọ fúláwíìlì, ni ó sì ń ṣe yín.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ra ọ́ìlì-síìlì méjèèjì àti dáyáfíráàmù, awọ pẹlẹbẹ inú kabúrétọ̀, wọ́n sì fi písítìnnì 58 mm ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Alumíníọ́mù písítìnnì àtijọ́ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, ṣùgbọ́n kúróòmù, irin líle tí wọ́n fi bo inú rẹ̀, kò tíì bó, nítorí náà mo fi òwú àti kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ra ojú ibẹ̀ nìkan títí ó fi jẹ ẹ́ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ó sì dáàbò bo ojú rẹ̀.

Ṣéènì yín ni ó fi yín hàn mí jù. Eyín apá òsì gùn ju ti apá ọ̀tún lọ, èyí tí ó fi hàn pé nígbà tí ẹ bá ń fi fáìlì pọ́n ọn, ọwọ́ yín máa ń le ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Igi tí ẹ bá fi là yóò máa wọ́ sí òsì, ẹ ó sì máa bínú sí igi. Ara ìdin ni wọ́n tilẹ̀ ti kọ́ irú eyín yìí: agégi kan ní Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, ló wo bí ìdin ṣe ń fi ẹnu gé igi láti òsì sí ọ̀tún, tí ó fara wé ẹnu náà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣéènì rẹ̀ ní 1947.

Túúbù kẹ̀kẹ́ tí ẹ wé mọ́ ọwọ́ ìdìmú ní ìpele mẹ́ta, n kò tú u. Ẹ̀rọ yìí kò ní rọ́bà tí ń gba ìgbọ̀nrìrì bí àwọn ti òde òní, kò sì ní bíréèkì tí yóò dá ṣéènì dúró bí ó bá ta padà sí ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ìka yín? Ìgbọ̀nrìrì ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn dé ìka dáadáa mọ́, tí yóò máa funfun, tí yóò sì máa kú bí ọyẹ́ bá mú. Nígbà tí atẹ́gùn wó igi dongoyárò kan sí àgbàlá aládùúgbò mi ní Kúbúwà, ẹ̀rọ yín ni mo gbé lọ. Ní ìgbà kẹrin tí mo fa okùn rẹ̀, ó dáhùn; nígbà tí mo fi ọwọ́ epo sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo lò ó fún wákàtí kan àti ààbọ̀, n kò sì lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi nígbà tí mo ṣe tán. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi là láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Lítà márùn-ún bẹntiróòlù ni mo po mọ́ 200 ml ọ́ìlì lásán lọ́jọ́ náà, ìyẹn ìdá kan sí 25. Ọmọkùnrin kan tó ń wò mí ní ọ́ìlì yẹn ti pọ̀ jù, pé ìdá kan sí 50 ni wọ́n ń lò báyìí. Mo sọ fún un pé ọ́ìlì pàtàkì ni wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀ fún, àti pé ẹni tó ni ẹ̀rọ kì í fi ọ́ìlì du ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo ti kun gbogbo ara rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, àfi ibi tí orúkọ yín wà. Pépà ni mo fi bo ibẹ̀ kí n tó fọ́n ọ̀dà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ padà, owó páàtì tí mo rà nìkan ni n ó gbà, n kò ní gba owó iṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ àwọn ìbejì ni wọ́n wá gbà á, kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ bí ọwọ́ yín ṣe rí fún mi.

Èmi ni,
Ẹni tí ẹ̀rọ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àbújá